Orúkọ Òkú Nínú Ìwé Owó Orí

Inú àpótí páànù ni wọ́n kó o sí, lábẹ́ ibùsùn,
nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
ìwé tí ikán ti jẹ létí,
ìwé tó ń rùn bí aṣọ tí òjò pa.
Mo ń wá bàbá tó bí bàbá bàbá mi.
Ọ̀ṣunkúnlé lorúkọ rẹ̀.

Akọ̀wé reluwé ló kọ́kọ́ rí i, lọ́dún 1906.
Ó gé orí orúkọ náà kúrò, kò fi àmì kankan sí i,
ó kọ Sunkunle.
Ọkùnrin tí Ọ̀ṣun kún ilé rẹ̀
di ẹni tó ń sunkún lé nǹkan lórí.
Ọjọ́ orí: ọgbọ̀n ọdún.
Ọdún méje lẹ́yìn náà, akọ̀wé kóòtù tún rí i.
Ọgbọ̀n ọdún.
Ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, bí ẹni ń fojú wọn iṣu.

Bàbá Làmídì ní kí n má da ara mi láàmú.
"Ìjòyè ni," ó ní, "ilẹ̀ rẹ̀ dé Òkè-Baálẹ̀,
títí kan ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù yẹn."
Mo bi í pé ta ló sọ fún un.
Ó gbójú sókè wo àjà.
Mo rántí pé ó ti gba owó àsansílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà,
mo rọra dé báírò mi.

Oríkì wa náà ní kò sá lójú ogun rí.
Oríkì ta ló sọ pé ó sá?

Ìyá Adùnọlá ní lúkúlúkú ló pa á,
ọdún tí wọ́n ń sin èèyàn láìwẹ̀.
1918 nìyẹn.
Ṣùgbọ́n rìsíìtì owó orí kan wà lọ́wọ́ mi,
ó ní òǹtẹ̀, ó ní nọ́ńbà, ó ní 1921:
Sunkunle ló san án, ó sì san án pé.
Òkú kì í san owó orí.
Inú mi dùn bí ọmọ tó ká àgbà mọ́ ibi irọ́,
mo gbé rìsíìtì lọ bá a níwájú ilé.

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn (kò mọ̀ọ́kà),
ó gbé e súnmọ́ imú.
"Èmi ò sí níbẹ̀ o," ó ní.
"Ìyá mi ló sọ fún mi,
ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín lòun náà nígbà náà.
Ohun tó rí ni pé bí akódà bá ti dé,
Ẹfúnṣọlá á tú owó aró sílẹ̀,
ṣílè lórí ṣílè,
torí orúkọ ọkọ rẹ̀ ti wọ ìwé,
ta ni yóò sì lọ sọ fún ìwé pé èèyàn kú?
Ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́."

Mo dákẹ́.
Rìsíìtì ò purọ́. Ó ní owó wọlé, owó sì wọlé.
Èmi ni mo bi í ní ohun tí kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo igun ìwé yẹn,
níbi tí ojú ìka kan wà, tó dúdú bí ẹ̀lú.
Ó lè jẹ́ aró.
Ó lè jẹ́ tàdáwà akọ̀wé.
Ọkàn mi ń fẹ́ kó jẹ́ aró;
ìyẹn gan-an ni n kò fi tíì gbà á gbọ́.

Lẹ́ẹ̀dì ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìdílé.
Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe ìrésà.
Ọ̀ṣunkúnlé: ó kú lọ́dún lúkúlúkú.
Ìyá Adùnọlá ló wí, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ẹfúnṣọlá: mo wá a títí dé ìsàlẹ̀ àpótí.
Kò sí níbì kankan.
Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣáà san owó yẹn.
Mo ṣí báírò.